Ojú Tí Mo Nà Lẹ́gba

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Sùúrùlérè.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1974.

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Gbádé ọkọ rẹ. Ara mi le, ara Àṣàkẹ́ ọmọ rẹ náà sì le. Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Mi ò ní kí ọ ju báyìí lọ, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ ti wà lọ́rùn mi fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí mo bá ń kí ọ títí, mo lè má sọ ọ́ mọ́.

Mo ṣẹ̀ ọ́. Ọdún 1949 ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́, o wà ní ìwé kẹrin ní ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe hẹ́dímáásítà ní Mushin. Nígbàkúùgbà tí mo bá ní kí o dìde kàwé, o máa ń di ojú òsì, wàá wá fi ojú ọ̀tún nìkan wo ìwé, wàá sì tún fi wo èmi náà. Àwọn tíṣà sọ pé o ń ṣẹ́jú sí mi. Ọmọbìnrin tó ń ṣẹ́jú sí àgbà, tí àgbà náà sì tún jẹ́ bàbá rẹ̀. Mo nà ọ́ ní ẹgba méjìlá níwájú gbogbo ilé-ìwé. Èyí, o rántí.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀, dókítà ojú kan wá yẹ ojú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa wò. Nígbà tó yẹ tìrẹ wò tán, ó kọ ìwé pélébé kan sí mi. Ó ní ojú rẹ mọ́, o sì ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti súnmọ́ ọ, ojú méjèèjì kì í pàdé lórí rẹ̀. Lẹ́tà kan á di méjì, ìlà kan á gun ìlà kejì. Ó ní ìdí nìyẹn tí o fi ń di ọ̀kan, pé kì í ṣe àfojúdi. Ó ní kí n mú ọ wá sọ́dọ̀ òun, kí n má sì nà ọ́ mọ́.

Mo ya ìwé náà, mo sì jù ú sí ṣáláńgá. Bí mo bá gbà á, mo ní láti dúró níwájú àwọn tíṣà àti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, kí n sọ pé ọmọ aláìṣẹ̀ ni mo nà. Mi ò lè ṣe é. Mo sọ fún ìyá rẹ pé orí rẹ kò gba ìwé, mo sì mú ọ kúrò ní ilé-ìwé lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Yábàá.

Lánàá, Àṣàkẹ́ ń kàwé fún mi. Ó di ojú òsì. Pàṣán ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀. Mi ò nà án. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Ọ̀jẹ̀túndé.


Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1974.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo kúnlẹ̀ kí yín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe tọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n dìde, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí ìkúnlẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ fún yín nítorí ìtìjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì fìdí rẹmi. Inú pálí ni mo ń kó bísíkíìtì sí láti ọdún márùn-ún. Lọ́dún tó kọjá, orí ń fọ́ mi débi pé wọ́n ní kí n lọ yẹ ojú wò. Obìnrin kan mú pẹ́ńsùlù, ó ń gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síbi imú mi, ó ní mélòó ni mo rí. Mo ní méjì. Ó ní láti ìgbà wo ni mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀. Mo ní láti ìgbà tí mo ti wáyé, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń rí i ni? Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí lọ́jọ́ náà. Gbogbo ayé mi, mo rò pé ẹ̀yin yòókù náà ń rí méjì, pé ẹ kàn gbọ́n jù mí lọ ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe egbòogi, kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ń kọ́ ojú mi méjèèjì láti máa rìn pọ̀ ni, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìrìn. Ọmọ ọdún méje kan ló máa ń jókòó tì mí, ohun kan náà ni wọ́n sì ń kọ́ àwa méjèèjì. Ìyá ọmọ náà mú un wá ní kété tó bẹ̀rẹ̀ sí í fo ìlà. Mo máa ń wo ìyá yẹn.

Ẹ mú mi kúrò nídìí ìwé, ẹ fi mí sídìí abẹ́rẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé, èyí tí ojú gbọ́dọ̀ súnmọ́ jù lọ lẹ wá fún ọmọ tí dókítà sọ fún yín pé kò rí ìtòsí. Ihò abẹ́rẹ́ méjì ni mo máa ń rí, èyí tí kò sí ni mo sì máa ń ki òwú bọ̀. Ọ̀gá mi ní Yábàá pè mí ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Kò mọ̀, ẹ kò lè bá a wí. Ẹ̀yin mọ̀.

Ìyá mi kú, ó gbà pé olódo lòun bí. Ó máa ń gbààwẹ̀ nítorí ọpọlọ mi ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin jókòó tì í, ẹ ń ṣe àmín.

Mi ò fẹ́ àforíjì báyìí. Ọmọ mi ni mo fẹ́. Ọmọ ọdún méjì ni Àṣàkẹ́ nígbà tí mo fi í tì yín kí n tó wá bá Gbádé níbí. Ìwé ìbí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà sì ni alágbàtọ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Lateefat, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Yábàá, ń bọ̀ níbí ní oṣù kẹfà. Ẹ kó ìwé náà fún un, kó mú ọmọ mi wá fún mi.

Fúnmiláyọ̀.


Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, 1974.

Fúnmiláyọ̀,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo gbà pé o ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n o kò ní ẹ̀tọ́ láti máa pàṣẹ fún mi bí ẹni pé èmi ni mò ń kó bísíkíìtì lábẹ́ rẹ. Ta ló bi mí léèrè kí n tó jẹ́wọ́? Ìwé náà ti jẹrà. Bí mo bá dákẹ́, ìwọ ìbá mọ̀?

O ní kí n fi ọmọ ránṣẹ́ bí ẹni ń fi gàrí ránṣẹ́. Ta ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná mú un? Bí o bá dúró níwájú rẹ̀ lónìí, yóò kí ọ ní Àǹtí. Mi ò sọ ọ́ láti fi gún ọ, òótọ́ ni.

Mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe gíláàsì ojú ní Yábàá. Gbogbo lẹ́tà ara ògiri ló kà, títí dé èyí tó kéré jù. Ọkùnrin náà ní ojú rẹ̀ mú ju tòun lọ. Láti ojú fèrèsé wa ni Àṣàkẹ́ ti ń ka nọ́ńbà mọ́tò tó wà ní ìkóríta. Nítorí náà, bí nǹkan bá tilẹ̀ ń ṣe é, kò pọ̀.

Mo ti ba ọ̀kan jẹ́. Jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi tún ọ̀kan ṣe. Kọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sí ohun tí ènìyàn lè kọ́ ọmọdé tí mi ò lè kọ́ ọ.

Bàbá rẹ.


Peckham.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, 1974.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mo dúpẹ́ pé ẹ pọ̀n ọ́n. Mo ti ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, mi ò sì ní dákẹ́ ọpẹ́ nítorí pé mò ń bínú.

Ẹ ní ó ka lẹ́tà ara ògiri. Èmi náà kà á, Bàbá, nígbà gbogbo ni mo ń kà á. Ṣùgbọ́n ìwé kì í gbé ara ògiri, orí tábìlì ló ń gbé. Kí ojú mú jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ojú méjì mọ bí a ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń ṣe gíláàsì kò yẹ ìyẹn wò.

Mo fi okùn kan sínú lẹ́tà yìí, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ẹ so orí kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, kí Àṣàkẹ́ fi orí kejì kan imú. Kó wo ìlẹ̀kẹ̀ tó jìnnà, kó wo ti àárín, kó wo ti ìtòsí. Bí ojú rẹ̀ bá pàdé dáadáa, yóò rí i bí ẹni pé okùn méjì ló kọjá lórí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, ó tán. Bí orí bá ń fọ́ ọ, kó sinmi. Bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Eré ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Kò sí máàkì níbẹ̀, Bàbá, kò sì sí ẹgba.

Èyí kò gba ipò àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Kó má baà burú sí i títí oṣù kẹfà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Lateefat ní ìwé ìbí.

Fúnmiláyọ̀.


Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù keje, 1974.

Fúnmiláyọ̀,

Má bínú pé èsì pẹ́. Lateefat wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ìwé ìbí náà títí, mi ò rí i. Ikán ti wọ àpótí tí mo ń kó ìwé sí, o mọ bí ilé wa ṣe ń rin lásìkò òjò. Mo sọ fún un pé kó máa lọ.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní fún ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí o sọ kò tó ohunkóhun, nítorí náà mo sọ ọ́ di wákàtí kan láàárọ̀ kó tó lọ sílé-ìwé, wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Mo kọ àkókò rẹ̀ sára ògiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ pé orí ń fọ́ òun, ó sì ń sunkún, bí àwọn ọmọ tí iṣẹ́ kò bá wù ṣe máa ń ṣe. Mo nà án ní mẹ́ta lẹ́sẹ̀, kò le. Láti ìgbà náà, kò di ojú kankan mọ́. Ó la méjèèjì kalẹ̀, ó ń kàwé bí omi. Odindi ojú ewé kan, kò fo ìlà, kò kọsẹ̀. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú mi.

O rí i pé mo lè tún un ṣe.

Bàbá rẹ.


Peckham.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, 1974.

Sí Hẹ́dímáásítà,

Orúkọ tí ẹ ní kí n máa pè yín níwájú àwọn ọmọ yòókù nìyẹn, òun ni mo fẹ́ pè yín lónìí.

Shakirat, tíṣà tó ń kọ́ Àṣàkẹ́, kọ̀wé sí mi. Àdírẹ́sì mi wà lẹ́yìn ìwé ọmọ náà, èmi ni mo ní kí Lateefat kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní Àṣàkẹ́ bì lẹ́ẹ̀mẹta nínú kíláàsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní ó máa ń fi orí lé tábìlì kí aago mẹ́wàá tó lù. Ó ní òun rí ojú pàṣán ní ojúgun rẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta. Ó ka méje.

Ẹ tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ kan ní oṣù kẹta, ẹ sì tún un dá ní oṣù keje. Kí ni mo fẹ́ fi irú àforíjì bẹ́ẹ̀ ṣe? Mo kọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kọ pé kò sí ẹgba. Ẹ̀yin tí ẹ ní orí mi kò gba ìwé nítorí pé mo ń fo ìlà, ìlà wo lẹ fò nínú lẹ́tà tèmi?

Ní ti ikán, mo mọ̀ ọ́n. Òun náà ló jẹ ìwé dókítà ní 1949.

Ẹ kò tún ojú Àṣàkẹ́ ṣe. Ara yín lẹ fẹ́ tún ṣe lórí ọmọ mi. Ẹ fi ìwé ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀.

Adéfúnmiláyọ̀.


Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹjọ, 1974.

Adéfúnmiláyọ̀,

Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí. Mi ò ní jókòó kí tíṣà tí wọn kò tíì bí nígbà tí mo ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú máa ka ojú pàṣán nínú ilé mi, kí ọmọ tí mo bí sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti òkè òkun. O ti fi alamí sí mi lẹ́yìn. Ó dára.

Ọmọ náà ń kàwé. Kí ni ẹnikẹ́ni tún ń wá lójú ọmọ ilé-ìwé? Àṣàkẹ́ kò lọ síbì kankan. Má rán Lateefat sí mi mọ́, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún un.

J. A. Ọ̀jẹ̀túndé.


Peckham.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, 1974.

Bàbá mi,

Mo ti gbọ́. Mi ò ní kọ̀wé sí yín mọ́.

Bí Àṣàkẹ́ bá bèèrè mi, ẹ má sọ fún un pé mo gbàgbé rẹ̀. Nínú gbogbo irọ́ tó kù tí ẹ lè pa, ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má pa.

Fúnmiláyọ̀.


Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá, 1974.

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí ọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn lẹ́tà rẹ ìkẹyìn, mo ń retí òmíràn. Mo rò pé ìbínú rẹ yóò rọlẹ̀. Bí oníwèé bá ti kọjá lórí kẹ̀kẹ́, mo máa ń dìde. Títí oṣù kẹwàá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò yà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù náà, Àṣàkẹ́ ń kàwé fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀kọ́ kan lórí ewúrẹ́ tó wọ oko olóko. Mo ní kó bu omi wá fún mi. Ìwé náà pa dé. Nígbà tó padà, ó ṣí i, ó jókòó, ó la ojú méjèèjì, ó sì ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tó dé. Mo wo ìwé náà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán ọkọ̀ ojú irin ló wà ní ojú ewé tó ṣí sílẹ̀. Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀ rárá.

Mo jẹ́ kó kà á tán. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Mo bi í pé ibo ló ti rí ohun tó kà. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi méjèèjì bóyá pàṣán wà níbẹ̀. Ó wá ní: “Bí mo bá di ojú kan, ẹ óò nà mí. Bí mo bá la méjèèjì, àwọn lẹ́tà á máa rìn. Àǹtí Shakirat máa ń kà á fún mi nígbà ìsinmi, èmi á wá há a sórí.”

Mo ní ta ló kọ́ ọ ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ó ní: “Ẹ̀rù ni, sà.”

Kò pè mí ní sà rí. Ìwọ lo máa ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Omijé tí mo kọ̀wé rẹ̀ sí ọ ní oṣù keje, orí ọmọ tó ń fi ẹ̀rù há ìwé sórí ni mo da á sí. Inú bí mi. Kì í ṣe sí ọ, kì í ṣe sí i. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀, nítorí mo mọ ara mi: bí ó bá rọ̀, mo lè tún rí ìdí kan tí mo fi tọ̀nà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Shakirat. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bí ẹni ń lọ bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní mo ti ṣe ọmọ náà níkà, mo sì ti ṣe ìyá rẹ̀ níkà ṣáájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń nu pátákó lọ́wọ́, kò fi mí ṣẹ̀sín, kò sì rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kàn ní, “Bàbá, àwọn méjèèjì tí ẹ dárúkọ yẹn, èmi kọ́ o.” Ó ń bá pátákó rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, mo sọ fún Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé kò ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni rí, pé èmi ni mo ṣì í lóye, pé ìyá rẹ̀ náà kò ṣẹ́jú sí mi rí. Ó bi mí pé ṣé wọ́n na ìyá òun náà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé ta ló nà á. Mo sọ ọ́.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí kì í ṣe òótọ́. O ní mo jókòó ti ìyá rẹ, mo ń ṣe àmín. Mi ò ṣe àmín. Ní àwọn ọjọ́ Ẹtì wọ̀nyẹn, bí ó bá ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọpọlọ rẹ, mo máa ń jẹun. Èmi tí mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ rẹ, mo ń jẹ iyán níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n bó ti rí gan-an.

Ikán kò jẹ ìwé kankan. Ìwé ìbí Àṣàkẹ́ wà nínú Bíbélì mi láti ọjọ́ tí o ti fi í lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí Lateefat kọ́kọ́ wá, orí rẹ̀ ni mo gbé ìgbọ̀nwọ́ mi lé tí mo fi ń sọ fún un pé mi ò rí i. Mi ò fẹ́ kí ọmọ náà lọ. Bí ó bá lọ, tí àwọn òyìnbó tún ojú rẹ̀ ṣe, ẹ̀bi mi nìkan ni yóò kù nínú ilé yìí pẹ̀lú mi.

Mo lọ bẹ Lateefat ní Yábàá, ẹni tó ti sún ìrìn-àjò rẹ̀ síwájú nítorí Àṣàkẹ́. Ìyá rẹ̀ fi mí jókòó síta fún bíi wákàtí kan, mo sì jókòó. Mo fọwọ́ sí gbogbo ìwé tó yẹ kí n fọwọ́ sí. Pásípọ́ọ̀tù jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lọ́la ni Lateefat àti Àṣàkẹ́ yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà.

Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó máa ń ṣi ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn. Kò fẹ́ràn mílíìkì. Bí orí bá ń fọ́ ọ, kì í sọ ọ́ mọ́, mo ti na ìyẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ ni kí o máa bi í. Bí ó bá pè ọ́ ní Àǹtí, fara dà á, èmi ni mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ojú pé wákàtí méjì lójúmọ́ ni mo fi ṣe é fún oṣù márùn-ún, kí wọ́n lè mọ ohun tí mo bàjẹ́. Má fi orúkọ mi pamọ́ fún wọn.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Mi ò ní kí o kọ̀wé.

Lateefat ni yóò fún ọ ní lẹ́tà yìí, nítorí náà bí o bá ti ń kà á, Àṣàkẹ́ ti dé. Ìwé ìbí rẹ̀ wà nínú àpò aṣọ rẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ibẹ̀ fúnra mi. Ka orúkọ tó wà ní ipò ìyá. Orúkọ rẹ ni. Mo dá a padà fún ọ.

J. A. Ọ̀jẹ̀túndé.